Skúta oníbátìrì fún Màmá tó fẹ́ re Ojúde Ọba: èwo ni kí a rà?

Ọmọ Màmá, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ọ̀dọ̀ mi ní London níbí ni Màmá mi ń gbé, wọ́n ti pé ọdún 74. Làkúrègbé kò jẹ́ kí orúnkún wọn méjèèjì gbádùn. Nínú ilé, ọ̀pá tó wọn, ṣùgbọ́n tí a bá jáde, wọ́n á ti wá ibi jókòó lẹ́ẹ̀mẹta kí a tó dé ìdí bọ́ọ̀sì. Wọ́n wá ní Iléyá tó ń bọ̀ yìí, Ìjẹ̀bú-Òde ni àwọn ó ti jẹ ẹran, àwọn ó sì bá régbérégbé àwọn jáde lọ́jọ́ Ojúde Ọba. Tí Màmá bá ti sọ báyẹn, ó ti parí nìyẹn.

Mo ní kí n ra àga onítáyà tí èèyàn ń tì. Wọ́n ní, "Ṣé mo ti di ẹrù ni?" Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló wá dárúkọ skúta oníbátìrì, irú èyí tí àgbàlagbà ń jókòó lé, tó ṣeé ká tí a lè gbé wọ báàlù. Ìyẹn wọ̀ wọ́n létí, wọ́n ní ó jọ ọkọ̀. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì. Mo rí èyí tí kò tó £700, mo rí èyí tó lé ní £3,000, gbogbo wọn ló ní àwọn ló dáa jù. Ìwọ̀n Màmá jẹ́ kílò 98. Toyota Yaris ni ọkọ̀ wa. Ẹni tó bá ti rà á rí, ẹ dákun, kí ni kí n máa wò?

Àkàndé Onítakisí, Manchester

Ẹ kú ìtọ́jú ìyá. Takisí ni mò ń wà, kò sí ọ̀sẹ̀ tí n kì í gbé skúta àwọn arúgbó sínú búùtù, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Ẹ má kọ́kọ́ béèrè bó ṣe ń sáré tó. Ẹ béèrè pé ta ni yóò máa gbé e.

Irú méjì ló pọ̀ lọ́jà. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n ń tú. Ẹ ó yọ ìjókòó, ẹ ó yọ bátìrì, ẹ ó ya iwájú kúrò lára ẹ̀yìn. Lápapọ̀, ó lè tó kílò 45 tàbí 50, ṣùgbọ́n ẹ kì í gbé gbogbo rẹ̀ pọ̀. Èyí tó wúwo jù níbẹ̀ lè má ju kílò 15 lọ. Èkejì ni èyí tó ń ká bí àpótí, bíi Luggie. Ó fúyẹ́ jù ú lọ lápapọ̀, bíi kílò 20 sí 30, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ ó gbé e o. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú èèyàn. Wọ́n á kọ "ó fúyẹ́" gàdàgbà sára pátákó, ẹ ó délé, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ láti gbé e, ìbàdí á ní kò rí bẹ́ẹ̀. Irú kẹta kan wà láàárín méjèèjì tó ń ká tó tún ń pín sí méjì, bíi ATTO, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Ẹ lọ sí ilé ìtajà, ẹ fúnra yín gbé e láti ilẹ̀ dé ibi tí ẹnu búùtù Yaris yín ga dé, lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà kẹta ni ara máa sọ òótọ́. Kílò tí wọ́n kọ síbẹ̀ náà, ẹ bi wọ́n bóyá bátìrì wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti yọ bátìrì kúrò kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Èyí tó ń fi rìmóòtù ká ara rẹ̀, ó dùn ún wò. Ẹ bi wọ́n bí wọ́n ṣe ń ká a lọ́jọ́ tí bátìrì bá kú.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Àkàndé ti sọ̀rọ̀ ẹni tó ń gbé e. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ẹni tó ń gùn ún.

Kílò 98 ni ara Màmá nìkan. Tí wọ́n bá ró aṣọ òkè, wé gèlè, tí wọ́n gbé báàgì lẹ́sẹ̀, ẹ̀yin ẹ bá mi rò ó. Èyí tí wọ́n ní ó lè gbé kílò 100, ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tó lè gbé 120 sókè ni kí ẹ wá.

Ẹ wo ìka wọn. Tí làkúrègbé bá ti wà ní orúnkún, ó ṣeé ṣe kó wà ní àtàǹpàkò. Skúta kò ní ohun tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń tẹ irin tó ń mú un rìn, tí wọ́n bá sì ti tú u sílẹ̀, bíréèkì á mú un fúnra rẹ̀. Ìyẹn dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan lè rò pé òun lè tẹ̀ ẹ́ fún ìṣẹ́jú kan, kí ọwọ́ sì máa ro ó ní ìṣẹ́jú kẹwàá. Ẹ jẹ́ kí Màmá gùn ún yíká ilé ìtajà dáadáa, kì í ṣe kí wọ́n kàn jókòó sórí rẹ̀ kí a ya fọ́tò.

Irin kékeré kan sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi ń yọ ẹ́ńjìnnì kúrò nínú jíà, kí a lè fi ọwọ́ tì í. Tí irin yẹn bá ti wà ní ipò ìtì, skúta kò ní bíréèkì mọ́. Ẹni kankan ò gbọ́dọ̀ jókòó sórí rẹ̀ nígbà náà, pàápàá lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Ọmọ-ọmọ yín tó bá fẹ́ fi ṣeré, ẹ kìlọ̀ fún un.

Táyà mẹ́ta tàbí mẹ́rin? Mẹ́ta ló rọrùn láti darí ní ibi tó há, bíi inú ṣọ́ọ̀bù. Mẹ́rin ló dúró jù. Fún Ìjẹ̀bú-Òde, mẹ́rin o. Ẹ tún wo bóyá ó ní ibi ìgbọ́wọ́lé, nítorí àwọn míì tó fúyẹ́ gan-an kò ní in, ẹni tí orúnkún ń dùn sì nílò ohun tó máa dì mú tó bá fẹ́ dìde.

Kí n tó gbàgbé: ẹni tó bá ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ tàbí ìpèníjà ara, òfin UK kò ní kó san VAT, ìyẹn owó orí ọjà, lórí skúta tó bá rà fún ara rẹ̀. Ẹ ó kàn kọ̀wé sí fọ́ọ̀mù ilé ìtajà ni. Ọjọ́ orí nìkan ò tó, àìsàn ni kí ẹ kọ. Nǹkan tó bá jẹ́ £2,400 pẹ̀lú VAT, £2,000 lẹ ó san.

Ìyá Ìbejì, Houston

Gbogbo ohun tí ẹ sọ ló dáa, ṣùgbọ́n bátìrì ló dójú tì wá. Ọdún tí Bàbá wa fẹ́ lọ Èkó, a ra skúta tó rẹwà. Ẹni tó tà á fún wa ní kò sí wàhálà, gbogbo báàlù ló ń gbà á. A dé kántà, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí a fi ara bátìrì han òun. 24V, 20Ah. Ó mú ẹ̀rọ ìṣirò, ó tẹ̀ ẹ́, ó ní 480, ó ti kọjá ààlà. Bàbá lọ, skúta bá wa padà wálé. Ẹkún ni mo sun nínú ọkọ̀.

Ìṣirò yẹn kò le rárá. Ẹ fi V lu Ah, ohun tí ẹ bá rí ni Wh, ìyẹn agbára tí bátìrì lè gbà pamọ́. Bátìrì lítíọ́mù skúta tí ẹ máa yọ tí ẹ máa gbé dání wọ báàlù, kò gbọ́dọ̀ ju 300Wh lọ. 24V àti 10Ah jẹ́ 240, ó wọlé. 24V àti 12Ah jẹ́ 288, ó ṣì wọlé. 36V àti 10Ah jẹ́ 360, kò wọlé. Ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹni tó ń tà á gbọ́, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì fúnra rẹ̀. Tí kò bá sí ìkọ̀wé lára rẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún wọn.

Bátìrì tí ẹ yọ kì í lọ sí abẹ́ báàlù. Ọwọ́ yín ló máa wà nínú báàlù, ẹ ó fi sẹlotéèpù bo orí rẹ̀ kí irin kankan má bàa kàn án, ẹ ó sì fi sínú àpò tirẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ báàlù kí ọjọ́ tó pé. Ẹ tún bá olùtajà gba ìwé tí wọ́n ń pè ní UN 38.3, òun ló fi hàn pé wọ́n ti dán bátìrì náà wò fún ìrìnàjò. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí kò níwèé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e wọlé. Iná lítíọ́mù kì í ṣe eré.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà bíi tiwa, ẹ wo ara ṣájà. Tí wọn ò bá kọ 100-240V síbẹ̀, iná Nàìjíríà máa jó o. Iná 120V là ń lò níbí, 230V ni wọ́n ń lò nílé. Ẹ̀yin ará London kò ní ìṣòro yẹn, iná yín àti pílọ́ọ̀gì yín bá tilé mu.

Kọ́lá Oníná, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun Ìyá Ìbejì. Àtúnṣe díẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe sí i. 300Wh yẹn, ti bátìrì ẹyọ kan ni. Tó bá jẹ́ bátìrì méjì ni skúta fi ń rìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò gbọ́dọ̀ ju 160Wh lọ. Bákan náà, tí ẹ bá fẹ́ mú bátìrì àfikún dání, ẹyọ kan tí kò ju 300 ni wọ́n gbà, tàbí méjì tí ìkọ̀ọ̀kan kò ju 160. Èyí tí bátìrì rẹ̀ kò ṣeé yọ, tí wọ́n dè mọ́ ara rẹ̀ pinpin, òfin tirẹ̀ yàtọ̀, abẹ́ báàlù ló ń lọ pẹ̀lú bátìrì nínú.

Àwọn bátìrì olójé tí wọ́n dí pa wà lára skúta tí wọ́n ń tú. Báàlù gbà á, owó rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó wúwo débi pé ẹ lè fi dá ilẹ̀kùn dúró.

Tí ẹ bá délé, ẹ má fi skúta sí iná jẹnẹrétọ̀ kékeré tó ń gbọ̀n. Tí NEPA bá mú iná wá, ẹ jẹ́ kó dúró ná kí ẹ tó ki ṣájà bọ̀ ọ́, torí ìgbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ló máa ń lágbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má fi bátìrì sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí oòrùn ń pa. Àti iye máìlì tí wọ́n kọ sínú ìwé, ẹ pín in sí méjì. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò sanra ni wọ́n fi ṣe ìdánwò yẹn, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú bí tábìlì.

Ọmọ Màmá, Peckham

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun o. Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni a máa sọ fún ní ilé-iṣẹ́ báàlù? Àbí kí a kàn gbé e dé ibẹ̀?

Abúkẹ́ẹ́rù Èèpọ́ọ̀tù, London

Háà, ẹ má kàn gbé e dé ibẹ̀ o! Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, àwa la máa ń ti àwọn èrò dé ẹnu báàlù.

Ẹ pe ilé-iṣẹ́ báàlù ní wákàtí 48, ó kéré tán, ṣáájú ọjọ́ ìrìnàjò. Èmi a tiẹ̀ ní kí ẹ pè wọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ ìwọ̀n skúta, gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ nígbà tí a bá ká a, irú bátìrì àti Wh rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ WCLB sára tíkẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ni àmì ohun ìrìn tó ń lo bátìrì lítíọ́mù. Tí Màmá bá lè gun àtẹ̀gùn ṣùgbọ́n tí wọn kò lè rìn jìnnà, WCHR ni àmì tiwọn. Tí àtẹ̀gùn bá ti nira, WCHS. Ẹ rí i pé ó wà fún lílọ àti bíbọ̀. Bíbọ̀ ni àwọn èèyàn máa ń gbàgbé. Tí báàlù bá ń gbéra láti UK, ẹni tó ní ìpèníjà ìrìn lè mú ohun ìrìn méjì lọ́fẹ̀ẹ́, wọn kò gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ẹrù yín.

Ẹ lè gùn ún títí dé ẹnu báàlù. Ibẹ̀ ni a ó ti ká a. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ẹrù sísàlẹ̀ kò mọ skúta yín rí. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí kékeré, ẹ so ó mọ́ ọwọ́ rẹ̀: ibi tí a ti ń dì í mú, ibi tí kò gbọ́dọ̀ dì mú, bí a ṣe ń yọ jíà. Ẹ yàwòrán sí i, ìkọ̀wé nìkan kò tó. Ẹ yọ kọ́kọ́rọ́ àti apẹ̀rẹ̀ iwájú. Ẹ ya fọ́tò gbogbo ara rẹ̀ kí ẹ tó fà á lé wọn lọ́wọ́.

Tó bá fọ́ ńkọ́? Mo ti rí èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kán, tí ẹni tó ni ín jókòó sílẹ̀ tó ń wò ó. Lábẹ́ àdéhùn Montreal, ohun tí ilé-iṣẹ́ báàlù máa san lórí ẹrù nínú ìrìnàjò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kò ju 1,519 SDR (ìwọ̀n owó tí àjọ IMF ń lò) lọ, nǹkan bíi £1,500. Ìyẹn láti ìparí ọdún 2024. Skúta tó bá jẹ́ £3,000, ẹ ti pàdánù ìdajì nìyẹn. Ẹ bèèrè fún ìkéde iye ẹrù pàtàkì, ìyẹn ìwé tí ẹ ó fi sọ iye tí skúta tó, kí ẹ tó wọlé, tàbí kí ẹ ra inṣọ́ránsì tó dárúkọ skúta. Tí ẹ bá rí ìbàjẹ́, kí ẹ tó kúrò ní èèpọ́ọ̀tù ni kí ẹ fi ẹjọ́ sùn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ láàárín ọjọ́ 7.

Alhaji Ṣàgámù

Ẹ máa bínú sí mi, ẹ̀yin ọmọ. N ò ní kí ẹ má ra skúta. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ mọ títì wa. Gọ́tà tí kò ní ìdérí, iyanrìn, ọlọ́kadà tó ń bọ̀ lọ́nà òdì. Táyà nǹkan yìí kò ju àwo ọbẹ̀ lọ. Àwa ò gbé tiwa dání nígbà tí a lọ Mẹ́kà, a háyà kẹ̀kẹ́ oníná inú Haram fún ìyá wa, wọ́n fi ṣe tọ́wáàfù, wọ́n fi ṣe sáyì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ ń dán bí dígí. Tí ẹni náà bá sọ pé Ìjẹ̀bú-Òde lòun ti máa gùn ún, ẹ sọ òótọ́ fún un.

Ojúde Ọba pàápàá, ẹ ronú sí i. Ẹlẹ́ṣin ń bọ̀ tìlù tìlù, ìbọn ń dún gbàmù gbàmù. Ẹṣin tó bá ta kò mọ̀ pé skúta ni nǹkan tó wà níwájú òun.

Tísà Ìta-Ọ̀ṣìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Alhaji, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ibi ni títì. Ìyá mi náà ní irú ẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́. Wọn kì í gùn ún lójú títì rárá. Inú kọ́ḿpáǹdì tí a ti da sìmẹ́ǹtì sí, inú mọ́ṣáláṣí, inú gbọ̀ngàn ìnáwó, láti ibi tí ọkọ̀ bá dúró sí dé orí àga. Ibẹ̀ ló ti wúlò jù, torí ibẹ̀ gan-an ni ìrìn ti máa ń rẹ̀ wọ́n.

Ohun tó ń dí wa lọ́wọ́ ni abẹ́ rẹ̀ tó fara kan ilẹ̀ jù. Abẹ́ ti ìyá mi kò ju ìwọ̀n ìka mẹ́ta lọ. Ẹnu ọ̀nà tó ga díẹ̀, á há mọ́ ọn. Ẹ wá èyí tí abẹ́ rẹ̀ ga, tí táyà rẹ̀ sì fẹ̀. Táyà tó kún fún rọ́bà kì í jò. Onítíúbù tó ń gba afẹ́fẹ́ dùn ún gùn jù ú lọ, fọ́gánáísà ìdí ilé wa á lẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹ ò ní rí irú tíúbù kékeré yẹn rà níbí. Mo ní kí kápẹ́ńtà gé pákó méjì fún wa, a fi irin há a lábẹ́, a ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà. Iṣẹ́ ọjọ́ kan ni.

Ojúde Ọba náà, ọjọ́ kẹta Iléyá ni, èrò máa ń pọ̀ ju ti ọjà lọ. Ẹ dé ibẹ̀ kí èrò tó kún. Kí Màmá fi skúta dé abẹ́ àgọ́, kí wọ́n ti ibẹ̀ bọ́ sórí àga. Tó bá kan ìgbà tí régbérégbé wọn máa kọjá, kí ẹnì kan máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ mú ọ̀rá ńlá dání fún òjò, omi tó bá wọ ibi tí bọ́tìnì wà ni ìparí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Leeds

Ẹ̀yin ará London, kí ẹ tó ná owó, ẹ lọ sí Shopmobility tó wà nítòsí yín. Wọ́n ń yá skúta níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí Màmá lò ó fún ọjọ́ kan nínú ọjà. Ẹ ó mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ ẹ lóòótọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ máa gbé e wọ bọ́ọ̀sì London (TfL), kó má fẹ̀ ju 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, kó má gùn ju 100 lọ.

Ọmọ Màmá, Peckham

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. A ti lọ sí ilé ìtajà, a ti bọ̀.

A yá ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Màmá wọ inú ọjà Peckham, wọ́n lọ ra pọ̀nmọ́ fúnra wọn, wọ́n ná an, wọ́n bá aládìyẹ jà. Ọdún méjì ni mi ò ti rí irú ẹ̀. Nígbà tí a délé, wọ́n ní ìjókòó rẹ̀ le, wọ́n sì ní kí n má gbàgbé ibi ìgbọ́wọ́lé tí nọ́ọ̀sì sọ.

Mo gbé mẹ́ta ní ilé ìtajà gẹ́gẹ́ bí Àkàndé ṣe wí. Èyí tó ń ká, tó wù mí tẹ́lẹ̀, mo gbé e lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín. Ìgbà kẹta, mo gbé e sílẹ̀, n ò rẹ́rìn-ín mọ́. Èyí tí wọ́n ń tú la mú, táyà mẹ́rin, ó ń gbé kílò 125, ibi tó wúwo jù nínú rẹ̀ jẹ́ kílò 14, ó wọ búùtù Yaris. Bátìrì lítíọ́mù ẹyọ kan, 24V, 11.5Ah. Mo fi wọ́n lu ara wọn níwájú ẹni tó ń tà á, 276. Ó wò mí bíi pé mo fẹ́ gba iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá ìwé UN 38.3 jáde. Wọ́n yọ VAT kúrò.

Ilé-iṣẹ́ báàlù ti fi WCLB sí i, lílọ àti bíbọ̀. Ìbéèrè kan ló kù: Màmá fẹ́ so ìbòrí aṣọ ẹgbẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ìjókòó rẹ̀, aṣọ gígùn. Ṣé kò léwu?

Àkàndé Onítakisí, Manchester

Ẹ so ó, ṣùgbọ́n kó má sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìjókòó. Aṣọ tó bá wọ táyà ẹ̀yìn, ẹ ó fi abẹ gé e jáde ni. Gèlè wọn pẹ̀lú, kí ìdí rẹ̀ má gùn jù.

Tísà Ìta-Ọ̀ṣìn, Ìjẹ̀bú-Òde

Àwọ̀ wo ni ẹgbẹ́ wọn ń wọ̀ lọ́dún yìí? Kápẹ́ńtà mi wà nílẹ̀, ẹ wọn gíga ẹnu ọ̀nà ilé yín fún mi, kí pákó ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé.